Ilé Amọ̀ Oníyàrá Méje: Àkọsílẹ̀ Agbọ́n Kan Tó Jáde Nílé Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé tí mo máa ń kọ ohun tí mo bá rí sí, tí mo ti fi yíǹkì pupa fa igi lé báyìí. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: "Ọmọ agbọ́n amọ̀ a máa tàn yanran bí ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọ̀ náà a máa ṣú bó bá ti ń dàgbà." Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á ṣá. Mo rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó gba ojú ihò jáde lára ilé agbọ́n, mo sì parí ọ̀rọ̀ sí pé ọmọ onílé ni. Ta ni yóò tún jáde láti inú yàrá tí wọ́n fi amọ̀ dí pa, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀?

Wọ́n bí i síbẹ̀ lóòótọ́. Onílé kọ́ ló bí i. Agbọ́n olè kan ni, irú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cuckoo wasp.

Nígbà tí ẹnìkan tó mọ kòkòrò jù mí lọ ka gbólóhùn yẹn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní kí n lọ ṣọ́ ilé mìíràn láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kí n má fojú fo ọjọ́ kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 49 ló gbà mí, ohun tí mo rí nìyí.

Ilé náà wà lábẹ́ àjà, níbi tí ògiri àti pákó ti pàdé. Agbọ́n tó kọ́ ọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sceliphron. Ara rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìbàdí rẹ̀ sì gùn, ó tín-ín-rín, àfi bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi so ikùn mọ́ àyà. A máa lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti tutù, a máa yí amọ̀ ní kóró kékeré, a máa gbé e sẹ́nu wá, a sì máa kùn hùn-ùn bó ti ń tẹ́ ẹ mọ́ ara ògiri. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé orin lásán ni ìkùn yẹn. Kì í ṣe orin lásán: bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ló ń mú kí amọ̀ rọ̀ kí ó sì lẹ̀ dáadáa.

Yàrá kọ̀ọ̀kan dà bí páìpù kékeré. Bí páìpù bá ti pé, ọdẹ ló kàn, aláǹtakùn ni ẹran tó sì ń dẹ. Kì í pa wọ́n pátápátá. Oró tó ń ta sí wọn lára ń sọ wọ́n di arọ, wọn ò lè sá, wọn ò sì kú, kí ẹran má baà rà kí ọmọ tó dé ìdí rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé sára ọ̀kan nínú àwọn aláǹtakùn tó kọ́kọ́ gbé wọlé, yóò wá máa kó àwọn yòókù lé e títí yàrá yóò fi kún, yóò fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní í fojú kan ọmọ náà láéláé. Gbogbo ìtọ́jú tí ìyá yóò ṣe ti parí sínú yàrá yẹn kí ẹyin tó pa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo olè tó ń bọ̀ níwájú dúró lé.

Mo fún àwọn yàrá ní nọ́ńbà láti ọwọ́ òsì. Yàrá 1 di dídí ní ọjọ́ 2. Òjò dá onílé dúró lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ọjọ́ 15 ló tó dí Yàrá 7.

Ọjọ́ 14 ni àlejò dé. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ló kọ́kọ́ rí i. "Àǹkú, ẹ wá wò ó, eṣinṣin kan bà lé ilé yín."

Eṣinṣin lójú èmi náà. Ó ní àwọ̀ ewé tó ń dán, ìdí rẹ̀ sì jọ àwọ̀ aró, irú èyí tí eṣinṣin tó ń bà lé òkú ẹran máa ń ní. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kì í ní ju ìyẹ́ méjì lọ, mẹ́rin ni mo kà níbí, méjì kékeré tó fara pamọ́ sẹ́yìn méjì ńlá. Ìwo orí rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ bí ìgúnpá, kò sì sinmi: ó ń fi í kan amọ̀ níhìn-ín, ó ń fi í kan amọ̀ lọ́hùn-ún, bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Mo mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní ihò tóótòòtó, bí ìgbà tí wọ́n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún idẹ káàkiri. Ó gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 15. Lábẹ́ ikùn rẹ̀, níbi tí agbọ́n yòókù ti máa ń rí roboto, tirẹ̀ kó sínú bí inú ṣíbí.

Ó fi ìwo kan Yàrá 1, ó kọjá. Ó dé orí Yàrá 2, ó dúró. Ó fi ẹnu ha ojú kan lára amọ̀, omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ sì ṣú bí ìgbà tí ẹ̀kán òjò kan bá bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ó yí ìdí padà, ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìdí rẹ̀, ó ń gùn sí i bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa eríà rédíò, ọ̀kan ń jáde láti inú èkejì. Ohun yìí ló fi ń tẹ ojú tó tutù náà, tó ń yí i, tó ń fà á padà, tó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 43 ni mo kà lórí fóònù. Ihò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ju ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀ lọ. Mo fi pẹ́ńsù kọ X síbẹ̀, mo sì ya fọ́tò rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ oró ni ohun tó ń gùn yẹn ìbá jẹ́, ká ní ara agbọ́n mìíràn ló wà. Lára ti ẹbí àlejò yìí, àwọn ìdè, ìyẹn oríkèé, ìdí ikùn tó kẹ́yìn ti wọnú ara wọn, wọ́n sì di ọ̀pá tí wọ́n fi ń yé ẹyin. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ti kéré débi pé kò wúlò fún ìjà mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ka ikùn irú àlejò mi yìí láti òkè, ìdè mẹ́ta péré ni yóò rí lára abo. Àwọn yòókù wà nínú.

Ọjọ́ kejì, ó padà wá sórí Yàrá 3. Iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì nígbà tí onílé dé pẹ̀lú amọ̀ lẹ́nu. Ó ju amọ̀ náà sílẹ̀ ó sì bù ú jẹ. Mo rò pé ìjà dé. Kò sí ìjà kankan. Àlejò náà ká orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ikùn tó kó sínú yẹn, ó di kóró kan ṣoṣo, ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ló yọ sẹ́yìn, ó sì já bọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lára okùn. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀, pọ́. Eyín onílé kò rí ibi wọ̀, awọ rẹ̀ le bí èèpo ẹ̀yìn ahun. Onílé yí ká lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ wá amọ̀ mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kóró náà tú, ó fi ẹsẹ̀ nu ìwo rẹ̀, ó fò padà sókè ó sì bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dá a dúró sí.

Kò yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo wá mọ ohun tí Lepeletier, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, sọ pé òun rí. Oyin kan tó ń dá gbé bá ọ̀kan nínú ẹbí yìí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbógun tì í, èyí náà sì ká ara rẹ̀ kò. Nígbà tí oyin rí i pé kò sí ibi tí òun lè bù jẹ, ó gé ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó jù ú sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n gé níyẹ̀ẹ́ tú ara rẹ̀, ó fẹsẹ̀ gun ògiri títí ó fi dé ẹnu ilé náà, ó wọlé, ó sì yé ẹyin rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 kan náà, eṣinṣin gidi kan wà níbẹ̀, kékeré, aláwọ̀ eérú. Gbogbo ìgbà tí onílé bá gbé aláǹtakùn bọ̀ fún Yàrá 7, yóò tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn, yóò bà lé ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i, yóò dúró jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ á wà lára rẹ̀. Mi ò kà á sí. Àlejò tó ń dán ló gba ojú mi. Mo padà san owó ìyẹn.

Ọjọ́ 16 ni ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀. Bí yàrá tó fẹ́ kọ́ bá ti pé, Sceliphron a máa rẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó má hàn pé yàrá-yàrá ni. Onílé rẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì rẹ́ àwọn X mi mọ́ ọn. Ihò méjì tí olè lu, ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ló fi amọ̀ tútù bò wọ́n, ó sì fi ẹyin olè sínú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Ká ní kì í ṣe ti fọ́tò ni, mi ò bá ti mọ yàrá tí wọ́n lu mọ́. Ó lọ, kò sì padà síbẹ̀. Mo fi àwọ̀n bo ilé náà, mo fi tépù lẹ etí rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó jáde, ó yẹ kí n sọ ẹni tí àlejò yìí jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹbí rẹ̀ ní cuckoo wasp, nítorí ẹyẹ cuckoo tó ń yé ẹyin sí ìtẹ́ ẹlòmíràn. Èmi náà á máa pè é ní agbọ́n cuckoo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ṣini lọ́nà díẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ẹbí ẹyẹ náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹlúlùú wà nínú ẹbí cuckoo gan-an, ṣùgbọ́n ẹlúlùú ń kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì ń sàba lé ẹyin ara rẹ̀. Èkejì, èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹyẹ tí wọ́n tàn jẹ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ àlè náà lójoojúmọ́. Ojú rẹ̀ ni ẹ̀tàn náà gbọ́dọ̀ tàn. Agbọ́n tí mò ń sọ ti lọ kí ọmọ tó jẹ òkèlè àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ọmọ olè gbọ́dọ̀ tàn jẹ nínú yàrá. Ìyá olè nìkan ló ní ìṣòro, ìṣòro rẹ̀ sì ni bí yóò ṣe wọlé.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹbí náà ni Chrysididae. Ọ̀rọ̀ wúrà nínú èdè Gíríìkì ló wà nídìí rẹ̀. Linnaeus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti ṣàpèjúwe ọ̀kan nínú wọn ní 1758, èyí tí à ń pè ní Chrysis ignita lónìí, tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Latreille, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì fún gbogbo ẹbí ní orúkọ ní 1802. Inú ìran Hymenoptera ni wọ́n wà, àwọn náà pẹ̀lú oyin, èèrà àti agbọ́n yòókù. Ní 1991, àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, Lynn Kimsey àti Richard Bohart, tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde tí wọ́n fi to ẹbí yìí káàkiri ayé lẹ́sẹẹsẹ. Ojúlé mẹ́rin ló wà nínú agbo-ilé náà, iye irú tí wọ́n sì ti mọ̀ níbẹ̀ lé ní 2,500.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi ni pé bí o bá fẹ́ mọ àwọn ojúlé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ ni kí o bi wọ́n. Ojúlé Amiseginae àti Loboscelidiinae kì í bá agbọ́n tàbí oyin da nǹkan pọ̀ rárá: ẹyin kòkòrò tó jọ igi gbígbẹ ni ọmọ wọn ń jẹ, ẹyin tí ìyá rẹ̀ kàn ń já sílẹ̀ sáàárín ewé jíjẹrà. Wọn kì í sábà dán, ọ̀pọ̀ abo Amiseginae kò tilẹ̀ ní ìyẹ́ tó lè gbé e fò. Bí o bá rí ọ̀kan, èèrà ni wàá pè é. Ojúlé Cleptinae ń wá ìdin sawfly, ìbátan agbọ́n tí kò ní ìbàdí tín-ín-rín, nígbà tí ìdin náà bá ti yó tó sì ti hun àpò yí ara rẹ̀ ká. Ojúlé kẹrin, Chrysidinae, ló tóbi jù, àwọn ló ń dán jù, àwọn ló sì sọ ilé agbọ́n àti ti oyin di oko wọn. Chrysis nìkan tó nǹkan bí 1,000 irú nínú ojúlé yìí. Parnopes tó ní ahọ́n gígùn wà níbẹ̀, tó ń tọ agbọ́n Bembix lọ sínú iyanrìn. Allocoelia wà níbẹ̀ náà, tí kò sí níbòmíràn ju gúúsù Áfíríkà lọ, tó ń jẹ nílé àwọn agbọ́n díẹ̀ tó ń tọ́ ọmọ wọn pẹ̀lú ìyẹ̀fun òdòdó dípò ẹran.

Àlejò mi? Chrysidinae ni, Stilbum sì ni orúkọ rẹ̀ nínú wọn. Ohun mẹ́ta ló jẹ́ kó dá mi lójú. Ó tóbi, ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn àyà rẹ̀, níbi tí àyà ti pàdé ikùn, nǹkan kan yọ síta tó kó sínú bí ẹnu ṣọ́bìrì. Etí ìdí ikùn rẹ̀ sì ní eyín mẹ́rin. Eyín ìdí yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ẹbí náà. Àwọ̀ lè tàn ọ́ jẹ, nítorí irú méjì tí kò bára tan lè dán bákan náà. Iye eyín àti bí wọ́n ṣe jìn síra ni àwọn tó mọṣẹ́ ń wò. Síbẹ̀, láàárín àwọn tó sún mọ́ Chrysis ignita, eyín pẹ̀lú kì í tó, ó di ìgbà tí wọ́n bá yẹ DNA wọn wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ àwọ̀n. Ọjọ́ 34, Yàrá 1 ṣí, Sceliphron kan jáde, dúdú láti orí dé ìdí, kò sí ohun kan tó ń tàn lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbólóhùn inú ìwé mi ti kú. Ọjọ́ 38, eṣinṣin kéékèèké aláwọ̀ eérú mẹ́rin ń fò kiri inú àwọ̀n, mo sì rántí èyí tó ń tẹ̀lé onílé. Yàrá 4 ṣí ní ọjọ́ 39, Yàrá 5 ní ọjọ́ 41, Sceliphron ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà ọjọ́ méje kọjá láìsí nǹkan kan. Ọmọ àbúrò mi ní ilé ti tú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 49, ihò kan wà lójú Yàrá 2, ohun kan tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró sì ń rìn lórí àwọ̀n.

Mo fi ọ̀bẹ yọ ilé náà lára ògiri, mo tẹ́ bébà funfun, mo sì la yàrá méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yàrá 1, 4 àti 5 rí bákan náà: èérún ẹsẹ̀ aláǹtakùn, àpò pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí ọmọ Sceliphron hun tó sì já jáde, pàǹtí dúdú gbígbẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Yàrá 6, aláǹtakùn 11 tó ti hu, ẹyin kò pa.

Yàrá 7 ni mo ti san owó àìfiyèsí mi. Èérún aláǹtakùn wà níbẹ̀, kóró mẹ́rin aláwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí àgbá kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òfìfo, ẹnu wọn ti ṣí. Ilé eṣinṣin ni wọ́n. Kò sí àpò Sceliphron kankan, kò sí èyí tí wọ́n já, kò sí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ onílé kò dàgbà débi tí yóò fi hun nǹkan. Eṣinṣin ju ìdin rẹ̀ sínú yàrá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí, àwọn ìdin náà jẹ oúnjẹ tí wọ́n kó sílẹ̀ fún un tán, òun náà sì bá a lọ. Olè oúnjẹ gidi nìyẹn.

Yàrá 2 yàtọ̀. Aláǹtakùn ti di èérún, gẹ́gẹ́ bíi ti Yàrá 1. Àpò aláwọ̀ ilẹ̀ ti Sceliphron wà níbẹ̀, ó pé, wọ́n hun ún dé ìparí. Ṣùgbọ́n nínú àpò yẹn, àpò mìíràn wà, ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Láàárín méjèèjì, mo rí awọ gbígbẹ kan tó rún jọ, tí orí ìdin kékeré kan ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tó kù lára ọmọ onílé nìyẹn. Ó ti jẹ gbogbo aláǹtakùn rẹ̀, ó ti yó, ó ti hun àpò, ó ti dùbúlẹ̀ láti yí padà. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá olè lu ihò, tó yé ẹyin kan lé e. Ọmọ olè kò fẹnu kan aláǹtakùn. Ọmọ tó jẹ aláǹtakùn ló jẹ.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lu Yàrá 5 àti 6: oúnjẹ rẹ̀ kò tíì jinná níbẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tó fi jáde kẹ́yìn gbogbo wọn.

Wọ́n máa ń da àwọn ìwà méjèèjì yìí pọ̀, wọ́n á ní àfòmọ́ ni gbogbo wọn, ó tán. Nínú Chrysidinae fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjèèjì wà. Púpọ̀ nínú wọn kì í lu ògiri bíi Stilbum. Wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bí onílé bá lọ ọdẹ, wọ́n á wọlé, wọ́n á yé ẹyin, wọ́n á jáde. Nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ àwọn kan á kọ́kọ́ pa ẹyin tàbí ìdin onílé kó tó kọjú sí oúnjẹ inú yàrá. Ọmọ àwọn mìíràn á fara balẹ̀ dúró títí ọmọ onílé yóò fi sanra. Bó o bá la yàrá, tí o sì fẹ́ mọ èyí tó wáyé níbẹ̀, àpò onílé ni kí o wá. Bí kò bá sí, oúnjẹ ni wọ́n jí. Bó bá wà, tí òmíràn sì wà nínú rẹ̀, ọmọ ni wọ́n jẹ.

Ọgbọ́n tí àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ń dá kì í ṣe kékeré. Hedychrum rutilans ń jẹ nílé agbọ́n kan tó ń pa oyin, Philanthus triangulum, tó ń wa ihò sílẹ̀. Kẹ́míkà tó wà lára awọ olè yìí jọ ti onílé gan-an, ó wọ òórùn rẹ̀ bí ẹ̀wù, onílé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a mú kí ó má mọ̀ pé àlejò ni. A máa yé ẹyin sára oyin tí onílé ti ta ní oró nígbà mìíràn, bí onílé ti ń gbé e wọlé lọ́wọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Pseudomalus àti Omalus. Àwọn ò dé ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń lọ sí orí ewé, wọ́n ń wá àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ewé mu, wọ́n sì ń yé ẹyin sínú wọn láàyè. Agbọ́n tó ń fi kòkòrò wínníwínní yẹn bọ́ ọmọ yóò dé, yóò mú un, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé olè wọ yàrá ọmọ rẹ̀, yóò sì tilẹ̀kùn.

Ó ku Yàrá 3, èyí tí wọ́n ti jà lé lórí. Nígbà tí mo là á, Stilbum kan wà nínú rẹ̀, ó ti pé, ìyẹ́ rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n ó ti kú. Amọ̀ tí onílé fi rẹ́ ilé nípọn níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Yàrá 2, àpá ẹnu rẹ̀ sì hàn lára amọ̀ náà láti inú, ó ti gé e dé ìdajì. Mo gbé e sí ìdí fèrèsé. Bí mo bá yí i síhìn-ín, ewé. Bí mo bá yí i sọ́hùn-ún, aró. Kì í ṣe ọ̀dà ló wà lára rẹ̀. Ipele tín-ín-rín tó tò léra wọn nínú awọ rẹ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bíi ti ìfófòó ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí ikú kò fi lè ṣá a. Ó ṣì wà nínú páálí ìṣáná lórí tábìlì mi, ó ń tàn bí ọjọ́ tí mo yọ ọ́.

"Èyí tó jáde láàyè ńkọ́?" ni ọmọ àbúrò mi ń bi mí ní gbogbo ìgbà tó bá rí páálí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà wà níbẹ̀. Mo ká àwọ̀n fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Kò lọ jìnnà. Ó bà lé ògiri, ó nu ìwo rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fò lọ sókè fèrèsé, níbi tí Sceliphron mìíràn ti ń kọ́lé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo kan yàrá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹkú, ẹ lé e!"

Mo ní kó sáré lọ mú pẹ́ńsù wá.